Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi Ikú Bàbá Dá Ọmọ Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni, ṣùgbọ́n ó kan owó, ó kan ìwà, ó sì kan orúkọ ẹgbẹ́ wa.

Àwọn tó wá sí ìpàdé tó kọjá á rántí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìlagi. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nínú ẹgbẹ́, kò sì jẹ wá ní gbèsè kọjá ọjọ́ rí. Owó tó ti fi pamọ́ tó ìdajì ohun tó ń béèrè. Àwọn onídùúró méjì tó mú wá, ẹni iyì ni wọ́n. Nígbà tí akọ̀wé ka ìwé rẹ̀ tán, ẹnìkan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní kí a rọra o, pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa bàbá ọkùnrin yìí, òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní èṣí, pé àrùn ìdílé wọn ni, pé bí a bá gbé owó fún un, ọ̀run la ó ti lọ gbà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan mi orí. Ẹlòmíràn ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró ní òun fẹ́ lọ rò ó wò ná. Bí wọ́n ṣe ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, tí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míràn.

Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, kò fọhùn. Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí náà wà níbẹ̀, a ò fọhùn. Ìyẹn ló ń dùn wá, òun ló sì mú wa gbé kálàmù.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ ká wádìí. Ṣé lóòótọ́ ni ènìyàn lè jogún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun bí ó ṣe ń jogún oko? A bi àwọn tó mọ̀, a sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ. Ohun tí a rí, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀nà oúnjẹ ni ọ̀pá tó gba àárín àyà kọjá, láti ọ̀fun dé ikùn. Jẹjẹrẹ tó ń mú un, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ tó tẹ́ inú ọ̀pá náà, lápá òkè tàbí láàárín. Òun ló pọ̀ jù ní Ṣáínà, ní Iran, ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Ìkejì máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí ikùn, pàápàá lára àwọn tí omi kíkan inú ikùn ti ń ru sókè fún láti ọdún pípẹ́, àti àwọn tó sanra jù. Òun ló gbilẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 511,000 ènìyàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn yìí lára wọn káàkiri ayé, àwọn tó sì pa lọ́dún kan náà tó 445,000. Ẹ fi iye méjèèjì wéra. Àrùn tó burú ni, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn ìyẹn.

A ò sì fẹ́ tan ara wa jẹ. Àjogúnbá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tó wà àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹni tó sọ̀rọ̀ nípàdé kò mọ̀, tí àwa náà kò sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Kò sí ìyàwó tí wọ́n ń gbé nílé ìsìn lóde òní tí wọn kì í béèrè rẹ̀. Ọmọ á gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, á gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Bó bá gba S lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó gba A lọ́wọ́ ẹnì kejì, AS ni, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá gba S lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wàhálà dé. Bí ti ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ nǹkan míràn nínú ara. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì dà bí ìwé iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí ara pé báyìí ni kó ṣe. Nínú ìwé ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan á yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ìyàtọ̀ míràn kò ṣe nǹkan kan. Òmíràn ń ṣe díẹ̀. Díẹ̀ gan-an ló ń ṣe púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń ṣe púpọ̀. Ní ọdún 1958, àwọn dókítà ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ìdílé méjì kan. Nínú ìdílé wọ̀nyí, àwọn kan wà tí awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nípọn bí awọ bàtà, kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á, wọ́n jogún rẹ̀ ni. Àwọn tí awọ wọn nípọn báyìí, jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ ń mú púpọ̀ nínú wọn bí wọ́n bá dàgbà. Àwọn tí awọ wọn kò nípọn nínú ìdílé kan náà, kò mú wọn bẹ́ẹ̀. Kò dúró de kí bàbá àti ìyá jọ ní i. Bí ẹnì kan nínú òbí bá ti ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbà á tàbí kó má gbà á, bí ẹni ju owó sókè tó ń retí orí tàbí ìdí. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ wá rí jíìnì tó fà á gan-an, wọ́n ń pè é ní RHBDF2.

Èyí ni a lè pè ní àrùn ìdílé pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan mẹ́ta nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìdílé díẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní gbogbo ayé. Ìkejì, nínú ìdílé náà gan-an, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń jogún rẹ̀. Ìkẹta, ohun tí àwọn dókítà fi ìmọ̀ náà ṣe ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà oúnjẹ àwọn tó jogún rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè tètè rí i bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n lè ṣọ́ ọ. Wọn kò mọ̀ ọ́n kí wọ́n lè sá fún ẹni tó ni ín. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má lọ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lálẹ́ òní kó máa gbọ̀n. Ọkọ́ àti àdá ló sọ tiwa di líle.)

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Jàpáànì. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà. Bí ènìyàn bá mu ọtí, iṣẹ́ méjì ni ara máa ń ṣe lórí rẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ á sọ ọtí di nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní acetaldehyde. Májèlé ni, ó ń ba ìwé iṣẹ́ inú ara jẹ́. Òṣìṣẹ́ kejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ALDH2, á tètè gbà á, á sọ ọ́ di ohun tí kò lè ṣeni ní ibi. Bí òṣìṣẹ́ kejì yìí bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, májèlé náà kì í pẹ́ lára. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Jàpáànì, Ṣáínà àti Kòríà ló jogún ALDH2 tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2009 pé àwọn tó jogún rẹ̀ tó 540 mílíọ̀nù ènìyàn. Bí irú wọn bá mu ọtí díẹ̀, ojú wọn á pọ́n, àyà wọn á máa lù kìkì, orí á máa fọ́ wọn, èébì á máa gbé wọn.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹni tó jogún ALDH2 tó lọ́ra lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá, ọtí kì í gbà á láyè rárá. Bó bá mu ìdajì ife, ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Nítorí náà kì í mutí, jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ kì í sì í sábà mú un. Ẹni tó jogún ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ara rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ ọtí, ṣùgbọ́n bó bá tẹra mọ́ ọn, ara á fara mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, á di ọ̀mu, májèlé náà á sì máa pẹ́ lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ga ju ti ọ̀mu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ALDH2 tirẹ̀ dá ṣáṣá lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ní 2009 náà ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ kéde pé acetaldehyde tó ń ti inú ọtí wá wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ bí? Ẹni tó jogún méjì bọ́, ẹni tó jogún ẹyọ kan kó sí i. Bó bá jẹ́ àjogúnbá nìkan ló ń pani, ẹni tó jogún méjì ni ìbá kọ́kọ́ lọ. Ọtí ló là wọ́n sọ́tọ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwa ń fi kún un pé ikú ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣílẹ̀kùn fún ti òde, sísùn ni yóò máa sùn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànì tó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ṣe ìwádìí lórí àwọn tó wá bá wọn. Ní 1979, nínú 100 irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó jogún ẹyọ kan ALDH2 tó lọ́ra kò ju méjì àbọ̀ lọ. Ní 1986, wọ́n di mẹ́jọ. Ní 1992, wọ́n ti di mẹ́tàlá. Ṣé àjogúnbá àwọn ará Jàpáànì yí padà láàárín ọdún 13 ni? Rárá o. Ohun tí bàbá wọn jogún náà ni wọ́n jogún. Àwùjọ ló yí padà. Ọtí lẹ́yìn iṣẹ́, ọtí níwájú ọ̀gá, ọtí pẹ̀lú ẹgbẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó má mu ún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ pé kó gbé e mì. Ẹgbẹ́ lè ti ènìyàn sínú ewu tí àjogúnbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, àwa kì í ṣe ará Jàpáànì. Òótọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nítòsí wa níbí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ ibi tí àjogúnbá àwọn ọmọ aráyé ti yàtọ̀ síra, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 269 láti ibi mẹ́rin: Tokyo, Beijing, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ ní ọgbọ̀n ilé, ló fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2005. ALDH2 tó lọ́ra tí wọ́n ń rí lára àwọn ará Tokyo àti Beijing yìí, wọn kò rí i lára àwọn Yorùbá. Kò sí nínú ogún tiwa.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí àmì míràn nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ PLCE1 lára àwọn ará Ṣáínà, pé ẹni tó bá jogún rẹ̀, ewu rẹ̀ ga díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀dúdú ní Gúúsù Áfíríkà, tí àrùn yìí pọ̀ láàárín wọn, èsì tó jáde ní 2012 fi hàn pé àmì ti Ṣáínà náà kò bá àrùn rìn lọ́dọ̀ tiwọn. Irú àmì kéékèèké báyìí pọ̀, ti jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí ikùn náà sì wà níbẹ̀. Kọ̀ọ̀kan ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún ewu, kò sí èyí tó lè dá pani. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán wo ìdílé kan kó ní òun ti mọ ohun tí wọ́n jogún. Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni tiwa tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì?

Ó dáa, kí ló wá dé tí àrùn kan náà fi ń pa ẹni méjì nínú ilé kan? Ìbéèrè gidi nìyẹn, a ò sì ní sá fún un. Ní àríwá Ṣáínà, wọ́n ti rí i pé ẹni tí àrùn yìí bá pa bàbá tàbí ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀, ewu tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí jọ ń ní kò mọ sórí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan ni. Ní agbègbè Linxian ní Ṣáínà, níbi tí àrùn yìí ti pọ̀ jù, wọ́n rí i pé àwọn adìyẹ tó ń jẹ àjẹkù oúnjẹ inú ilé náà ń ní jẹjẹrẹ lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bí adìyẹ? Ìdílé wo ni adìyẹ ti jogún rẹ̀?

Ní Golestan, ní orílẹ̀-èdè Iran, wọ́n ṣe àkíyèsí àwọn ènìyàn tó lé ní 50,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń mu tíì tó gbóná jù, tí wọ́n sì ń mu ún púpọ̀ lójúmọ́, ewu àrùn yìí pọ̀ fún wọn ju ti àwọn tó ń dúró kó tutù, bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní 2016, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ sọ pé ohun mímu tó bá gbóná ju ìwọ̀n 65 lọ ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Ta ló ń kọ́ ọmọ bí tíì ṣe ń gbóná tó? Ìyá rẹ̀ ni. Ta ló ń kọ́ ọmọ ní sìgá? Nígbà púpọ̀, bàbá rẹ̀ tó rán an níṣẹ́ pé kó lọ fi iná sí i wá ni. Àjogúnbá ni wọ̀nyí náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀. Ti orí ìjókòó ni, a sì lè dìde kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a lọ sí ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wa. A bẹ̀ ẹ́ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa. Ó ní kò burú. Òun ló sọ fún wa pé bàbá òun fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fa sìgá, kì í sì í jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ gbé ògógóró mì. Ẹ̀gbọ́n òun náà tọ ọ̀nà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ kì í fa sìgá, kì í mu ọtí líle. Ó ní iyán ló kọ́kọ́ há ẹ̀gbọ́n òun lọ́fun ní nǹkan bí àsìkò Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀gbọ́n náà fi omi tì í lọ. Nígbà tó yá, ẹran ò lọ mọ́. Nígbà tó tún yá, ògì nìkan ló kù. Ìgbà tí omi pàápàá kọ̀ tí kò lọ ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A bi í pé kí ló fà á tí wọn kò fi tètè lọ. Ó ní, "Kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì ń tì í láti wá bẹ ẹgbẹ́. Ó ní wọ́n á ní òun náà ti gba ti bàbá."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ẹ̀gbọ́n yẹn náà. Ó jẹ gbèsè díẹ̀ nígbà tó kú. A lọ yẹ ìwé wò lọ́dọ̀ akápò. Owó tó fi pamọ́ bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ló sì san ìyókù láàárín oṣù mẹ́rin. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Ẹni tí a ní a ó lọ bá gba owó lọ́run, òun ló san gbèsè ẹni tó ti wà lọ́run fún wa.

A mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Òógùn ojú àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti àwọn bàbá tó ń mọlé ni. Ẹni tó dìde nípàdé kò fẹ́ ibi fún ẹgbẹ́, ó fẹ́ ṣọ́ owó wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ bó ti yẹ. A ń yá awakọ̀ lówó, a sì mọ iye ẹni tí ojú ọ̀nà ń pa lọ́dún. A ń yá agùnkàwé lówó. A kì í béèrè irú ikú tó pa bàbá wọn. Ohun tí a ń béèrè ni iye tí wọ́n ti fi pamọ́, bí wọ́n ṣe san ti ìṣáájú, àti ẹni tó dúró fún wọn. Òfin wa nìyẹn, ó sì ti tó. Bí a bá fi ikú òbí kún un, mélòó nínú wa ni yóò rí owó yá? Ta ló wà níbí tí nǹkan kan kò pa bàbá rẹ̀?

Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ni a ń bẹ ìgbìmọ̀ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé kí a ṣe.

Àkọ́kọ́, kí ìwé gbẹ́nàgbẹ́nà yìí padà wá síwájú ìpàdé tó ń bọ̀, kí a fi òfin tí a fi ń wo ti gbogbo ènìyàn wò ó. Onídùúró tó yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a bẹ̀ ọ́, wá dúró.

Ìkejì, kí ìgbìmọ̀ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ara, èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ lè rí gbà láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìdúró de ìpàdé oṣooṣù, láìsí pé a pariwo orúkọ rẹ̀. Owó tí a ń yá ènìyàn lẹ́yìn tí omi kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́ pọ̀ ju èyí tí yóò fi lọ gba àyẹ̀wò nígbà tí iyán kọ́kọ́ há a. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìkẹta, níbi àríyá òpin ọdún wa, kí omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lórí tábìlì bí bíà ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀mu kọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun kò mu, kí ó parí síbẹ̀.

Ìkẹrin, kí a máa sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ wa nípa ohun tó pa àwọn òbí wa. À ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú, ọmọ kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó sọ fún dókítà. Ẹni tó mọ̀ pé àrùn yìí ti wọ ilé àwọn rí ní ìdí láti jìnnà sí sìgá àti ọtí líle ju ẹlòmíràn lọ, ó sì ní ìdí láti tètè sáré lọ fi ara hàn. Ìmọ̀ yẹn, ogún ni òun náà.

Kí a tó dákẹ́, ẹ gbọ́ èyí fún ara yín. Bí oúnjẹ líle bá ń há yín lọ́fun tàbí láàárín àyà, tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí ẹ sì ń rù láìjẹ́ pé ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ má fi omi tì í, ẹ má sì dúró de ìgbà tó máa kan ògì. Ọ̀nà oúnjẹ máa ń fẹ̀ sí i láti gba oúnjẹ kọjá, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi tètè fura. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ní iná lórí wo inú ọ̀nà oúnjẹ yín. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń há lọ́fun ni jẹjẹrẹ, dókítà ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni Alájẹṣẹ́kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kì í jẹ tán, à ń ṣẹ́ kù de ẹni tí yóò bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, a fẹ́ jẹ ti gbẹ́nàgbẹ́nà wa tán nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Kí gbogbo wa wá, kí á wá tún un ṣe. Àwa tí a dákẹ́ níjọ́sí, a ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ire o.